Ojú Àyálò

Ojú ìwé náà wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì nìyẹn, bí ẹni tó da abọ́ rẹ̀ délẹ̀ kí wọ́n má baà tún bu oúnjẹ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ìsinmi ló wá lò lọ́dọ̀ mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Mo gbìyànjú o, àmọ́ mi ò fẹ́ràn ìwé yìí. Kí n má purọ́ fún yín, mo kórìíra rẹ̀."

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ni ìwé náà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni mo fi lé e lọ́wọ́, tí mo sọ fún un pé kò sí ọmọ Yorùbá tó gbọ́dọ̀ dàgbà láìkà á. Ẹ̀dà tí mo fún un yẹn, ti bàbá mi ni. Èèpo rẹ̀ ti gbó, òwú dúdú ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Mo bi í léèrè ohun tí ìwé ṣe fún un. Kò fi falẹ̀ rárá. Ó ní, "Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn gan-an, Àǹtí. Mo fẹ́ràn Àkàrà-Ògùn. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ibi tó ti pàdé Agbáko olójú mẹ́rìndínlógún, mi ò tètè sùn. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, bàbá yẹn ò dákẹ́ mọ́. Ìmọ̀ràn lónìí, ìmọ̀ràn lọ́la. Ìrìn àjò ni wọ́n pè mí sí, wọ́n wá fi mí jókòó síbi ìwàásù."

Mo dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sì gùn. Mo ní ọdún 1938 ni ìwé náà jáde, mo ní òun ló la ọ̀nà tí àwọn òǹkọ̀wé wa tó kù tọ̀. Mo ní Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, pé ẹni tí kò bá mọ Fágúnwà, ibo ló fẹ́ ti mọ ohun tí èdè rẹ̀ lè ṣe? Ọmọ náà tẹrí ba, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì wọ ilé ìdáná lọ bá àwo tó fẹ́ fọ̀. Ìwàásù tó sá fún nínú ìwé, èmi ni mo tún fi pàdé rẹ̀ ní pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Kí ló dùn mí tó bẹ́ẹ̀? Èmi kọ́ ni mo kọ ìwé náà. Bí ọmọ kan bá ní òun ò fẹ́ ewédú, ilá la máa wá fún un. A kì í torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìran ewédú fún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní òun ò fẹ́ ìwé kan tí àwa fẹ́, ó máa ń ṣe wá bí ẹni pé bàbá wa ni wọ́n bú. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ṣe ń kùn, mo sì ń bi ara mi bóyá ìfẹ́ ni mo ní sí ìwé náà àbí ìgbéraga lórí rẹ̀. Ibi tí mo ti ń rò ó ni ìwé mìíràn ti yọjú sí mi, èyí tí èmi náà ti kórìíra rí, tí mo kórìíra fún ogún ọdún ó lé.

Mo wà ní kíláàsì kẹta nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì mú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. The Palm-Wine Drinkard ni, tí Amos Tutùọlá kọ. Kò fún wa kà. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i, tó ka gbólóhùn kan, tó dúró, tó wò wá. Àwọn tó jókòó níwájú kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì sì gbà á lẹ́nu wọn. Ó tún ka òmíràn, ẹ̀rín tún sọ. Lẹ́yìn náà ló pa ìwé dé, tó ní ẹni tó bá kọ Gẹ̀ẹ́sì báyìí fún òun nínú ìdánwò, òdo ni yóò gbà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo yá ìwé náà ní láíbìrì, mo ka bí ọgbọ̀n ojú ewé, mo sì dá a padà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ níwájú mi, mo ti ní ìdáhùn: ìwé burúkú ni, ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó dójú tì wá lọ́dọ̀ àwọn aráyé.

Èyí tó wá ń dùn mí ni pé mo ti mọ ìtàn inú ìwé náà kí n tó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àgbà tó bí ìyá mi ló pa á lálọ̀ọ́ fún wa, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó ní gbogbo ọkùnrin ìlú kò tó òun ó fẹ́. Lọ́jọ́ ọjà, ó rí arẹwà kan tí kò lálèébù láti orí dé àtàǹpàkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e lọ sílé. Arẹwà ní kó padà, ó kọ̀. Bí wọ́n ṣe wọ inú igbó, arẹwà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yá a lẹ́sẹ̀, ó bọ́ ẹsẹ̀ fún un. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yá a lápá, ó bọ́ apá fún un. Bẹ́ẹ̀ ló ń dá ohun olóhun padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku agbárí lásán tó ń fò nílẹ̀. Ìyá àgbà kì í fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀ láìlórúkọ. Ọ̀kan nínú àwa ọmọbìnrin tó bá jókòó níbẹ̀ lálẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ ni yóò fún un, orúkọ yẹn ni a ó sì máa pè nínú orin. Lálẹ́ tí ó bá kàn mí, mo máa ń fà mọ́ ẹ̀gbọ́n mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìtàn yẹn gan-an wà nínú ìwé tí mo kórìíra. Nígbà tí ó ti ẹnu ìyá àgbà jáde, mo gbọ̀n. Nígbà tí ó ti ẹnu olùkọ́ jáde, mo rẹ́rìn-ín. Agbárí kan náà ni o.

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Tutùọlá sí ní 1920. Ìwé tó kà kò pọ̀, ikú bàbá rẹ̀ ló sì dá a dúró. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó nígbà tó kọ ìwé náà. Ilé iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín gidigidi nínú ìwé ìròyìn Observer lọ́dún náà, òkìkí ìwé sì kàn dé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yìn ín níbẹ̀ ni inú ń bí àwọn ọ̀mọ̀wé wa nílé. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa. Babasọlá Johnson kọ tirẹ̀ ní 1954, ó ní kò yẹ kí wọ́n tẹ ìwé náà rárá, pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ẹnikẹ́ni, pé ì bá sàn kó fi Yorùbá kọ ọ́, pé ọ̀dọ̀ Fágúnwà ló sì ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí òyìnbó bá ka èyí, wọn yóò ní ojú igbó làwa ṣì wà.

N kò fẹ́ fi àwọn èèyàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 1952 ni à ń sọ. Ilẹ̀ wa ṣì wà lábẹ́ ìjọba ẹlòmíràn, òmìnira ṣì ku ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó ti fi ọdún méjìlá kọ́ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti nà lẹ́gba nítorí pé ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, kí ni kó ṣe nígbà tó rí i pé ẹni tí wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀ ni ẹni tí kò tò ó rárá? Àwọn ará ilé wa máa ń sọ pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ń san án. Àlejò wà ní pálọ̀ nígbà náà, ó jókòó sórí àga tó dára jù, àwọn ọ̀mọ̀wé wa sì ń sáré kó ohun tí ń bẹ nílẹ̀ kúrò kó má baà rí i. Àlọ́ ìyá àgbà wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ gbá sí abẹ́ àga.

Wọ́n tún rí ohun kan tí èmi náà rí nígbà tí mo wá fi ìfarabalẹ̀ ṣí ìwé náà. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ fi àwòrán ojú ewé kan sínú rẹ̀ láti inú ohun tí Tutùọlá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Lẹ́tà rẹ̀ rí róbótó, ó tò tẹ̀ léra bí ti ọmọ ilé ìwé tó ń ṣọ́ra, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i sì wà níbẹ̀, tí gbogbo ayé ń wò ó. Mo wo ojú ewé yẹn pẹ́. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún òǹkọ̀wé tí wọ́n kà sí ẹgbẹ́ wọn. Nítorí náà, inú tó bí àwọn ará ilé kì í ṣe lásán. Ìyìn náà ní ohun kan lẹ́nu tó dà bí ìgbà tí a bá ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Àmọ́ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́. Àlejò lójú, kò fi í ríran. Ẹni tó yìn ín ní London kò mọ̀ pé àlọ́ tí gbogbo ọmọ ń gbọ́ nílé wa ló wà níwájú òun. Bí iṣẹ́ iyanu tó já bọ́ láti ọ̀run ló rí lójú rẹ̀. Ẹni tó bú u nílé mọ àlọ́ náà, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbe orin rẹ̀, síbẹ̀ ojú tí àlejò yóò fi wò ó ló fi wò ó. Onílé àti àlejò jọ ń lo ojú kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ojú onílé.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1963. Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó fi Yorùbá ṣe é, ó fi orin àti ìlù sí i, ó pè é ní Lánkẹ́ Ọ̀mùtí. Ọ̀mùtí inú ìwé náà ni, adẹ́mu rẹ̀ tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ tó kú náà ni, ìrìn àjò inú rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú náà ni. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni àwọn èèyàn fi gbà á. Ìtàn kò yí padà. Ìtìjú ni wọ́n bọ́ kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó sì di 1977, Chinua Achebe dúró ní Ìbàdàn, ó fi odidi àsọyé kan ṣàlàyé pé ọgbọ́n ńlá wà nínú ìwé tí wọ́n ní kò ní orí kò ní ìdí, pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti eré ló dá lé: ẹni tó sọ ọtí mímu di iṣẹ́, ìyà iṣẹ́ ni yóò jẹ.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo tún ra ìwé náà, lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ ìwé àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà. Mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo sì kọ́kọ́ kà á sókè, torí mo fẹ́ gbọ́ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò gbọ́ àṣìṣe. Yorùbá ni mo ń gbọ́. Bí àgbà ilé wa ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ni, tí yóò sọ ọ́, tí yóò tún un sọ kó lè dá a lójú pé o gbọ́, tí yóò sì ka iye nǹkan fún ọ kó o má baà rò pé ó ń purọ́. Bàbá ọ̀mùtí fún un ní oko tó ní igi ọ̀pẹ 560,000. Adẹ́mu rẹ̀ ń dá agbè 150 láàárọ̀, ó sì ń dá 75 nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ inú igi funfun kan, wọ́n ta ikú wọn ní ẹnu ọ̀nà ní 70 pọ́n-ún, ṣílè 18 àti sísì, wọ́n sì yá ẹnìkan ní ẹ̀rù wọn ní 3 pọ́n-ún ó lé ṣílè 10 lóṣooṣù. Mo dúró lórí sísì yẹn. Ta ni yóò ta ikú rẹ̀ tí kò ní gbàgbé sísì? Ọmọ Ẹ̀gbá ni òǹkọ̀wé náà, ó mọ̀ pé owó kékeré kò kéré.

Nígbà tí mo dé ibi arẹwà inú ọjà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn olówó rẹ̀, mo gbé ìwé náà sórí itan mi. Ó wá hàn sí mi pé èmi ni. Mo ti wọ inú ìwé yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé pẹ̀lú ara àyálò. Ojú olùkọ́ mi ni mo fi wò ó. Etí àwọn tó jókòó níwájú ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ìdánwò ló wà láyà mi, ìtìjú àwọn ọ̀mọ̀wé tí n kò mọ̀ rí ló sì wà lójú mi. Kò sí ẹyọ kan nínú gbogbo rẹ̀ tó jẹ́ tèmi, ìkórìíra náà pàápàá kì í ṣe tèmi. Àwọn àgbà sọ pé ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni í bá ni mu. Ìkórìíra tí mo gbà wọ̀ fún ogún ọdún ó lé yẹn ṣo mí, n kò kàn mọ̀ ni.

Ṣé gbogbo ìwé tí a kórìíra, ojú àyálò la fi kà á? Ó wù mí kí n sọ bẹ́ẹ̀, ì bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí mo dá ojú olójú padà tán, tí mo wá fi tèmi ka ìwé Tutùọlá dé òpin, mo rí ohun tí n kò fẹ́ràn níbẹ̀, èyí sì jẹ́ tèmi gan-an.

Èkíní ni pé lẹ́yìn tí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn, ẹni tó rà á kò dá a padà nígbà tí wọ́n ń jáde. Ẹ̀rù wọn nìkan ni wọ́n rí gbà. Nítorí náà, wọ́n ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n wọn kò lè kú mọ́. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn mọ́ mi, àmọ́ bí mo ṣe ń kà á lọ, mo rí i pé èmi tí mo ń kàwé kò bẹ̀rù mọ́. Abàmì kan lọ, abàmì mìíràn dé, mo sì ti mọ̀ pé kò sí èyí tí yóò pa wọ́n. Àárẹ̀ mú mi. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Èkejì ló dùn mí jù. Ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé agbárí lọ sínú igbó, ọ̀mùtí gbà á sílẹ̀, ó fi ṣe ìyàwó. Ó bá a rin gbogbo ìrìn àjò náà dé ìlú àwọn òkú, ó jìyà tó jẹ, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ohun tó ń bọ̀, tí ó sì máa ń ṣẹ. Síbẹ̀, ìwé parí, kò lórúkọ. Ọkọ rẹ̀ fi orúkọ òrìṣà kira, òun ń jẹ́ ìyàwó mi. Mo yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn bóyá ojú mi ló fo orúkọ náà. Kò sí. Lórí ẹní ìyá àgbà, ọmọbìnrin yìí kò sùn láìlórúkọ lọ́jọ́ kan. Ó ti jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti jẹ́ orúkọ ọmọ aládùúgbò, lálẹ́ ọjọ́ mélòó kan, ó ti jẹ́ orúkọ mi. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi máa ń bà wá. Tutùọlá gbé e láti orí ẹní sínú ìwé, orúkọ rẹ̀ já bọ́ lójú ọ̀nà. N kò tíì dárí ẹ̀ jì í. Mo fẹ́ràn ìwé náà báyìí, ohun kan yìí ṣì ń dùn mí nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń gbé inú mi láìjà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fetí sílẹ̀ bí àwọn èèyàn bá ń sọ ìwé tó já wọn kulẹ̀. Ẹnìkan kórìíra ìwé kan torí pé ó wà lára èyí tí wọ́n yàn fún ìdánwò, tí wọ́n sì fi pàṣán tì í sí i nínú. Pàṣán ló kórìíra. Ẹlòmíràn, ìyìn tó ti gbọ́ nípa ìwé náà ti pọ̀ jù kó tó ṣí i, bí ìyàwó tí wọ́n ti kì títí tí kò sí ọmọ èèyàn tó lè jọ oríkì rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin kan ní Ìbàdàn tí kò fẹ́ràn eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láìgbin. Ó ní Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀, Ìyálóde tí wọ́n pa ní 1874, ju òǹrorò lọ, pé ọlọ́jà ńlá ni, pé obìnrin tó ṣòwò tó bẹ́ẹ̀ nílùú jagunjagun ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ kí eré jẹ́ kó sọ. Ó ti wo eré náà, ó ti kà á, ó mọ orin inú rẹ̀ lórí. Bí ó bá ń sọ ọ́, ó ń dùn ún ni, kì í ṣe pé ó ń fi ṣe fáàrí. Irú ìkórìíra bẹ́ẹ̀, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un ju ìyìn ẹni tí kò kàwé tán lọ.

Ẹni tí kò kàwé tán. Ibi tí mo ti rò ó dé nìyẹn lóru ọjọ́ náà, tí ara mi kò sì lélẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀, mo pe ọmọ náà. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó fi ibi tó dé hàn mí nínú ìwé Fágúnwà. Ó rò pé ìbáwí ló tún kù. Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó mú ìwé náà, ó sì ṣí i síbi tí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wà, tó ṣẹ́ mọ níwọ̀n ojú ewé. Ọjọ́ méje ni Ìrágbèje fi ń bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀ ní Òkè Láǹgbòdó. Ọmọ yìí ti bá a jókòó dé ọjọ́ kẹrin kó tó dìde. Ọjọ́ mẹ́rin! Àwọn ojú ewé tó ti kà ti ṣí sílẹ̀ dáadáa, ó hàn pé ọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn tó tẹ̀ lé e lẹ̀ mọ́ra wọn.

Mo wo àwọn ojú ewé tó lẹ̀ mọ́ra yẹn, ohun kan sì wọ̀ mí lára. Ìwé bàbá mi ni. Inú rẹ̀ ni mo ti ka Fágúnwà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Mo rántí Agbáko, mo rántí àwọn ọdẹ akíkanjú, mo rántí bí wọ́n ṣe padà sílé. N kò rántí ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu Ìrágbèje. Mo fò ó ni. Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà yẹn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, mo ṣí ìwé lọ síwájú, mo sì bá àwọn ọdẹ lójú ọ̀nà ilé. Bí mo ṣe wá dàgbà tí mo ń fi ìwé náà yangàn nìyẹn, tí mo ń fi lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ìkórìíra Tutùọlá tí mo fi ogún ọdún gbé kiri, àyálò ni. Ìfẹ́ Fágúnwà tí mo fi bá ọmọ yìí jà ńkọ́? Ohun tí mo ń gbèjà kò tíì dé ọwọ́ mi tán.

Mo sọ fún un. Kò rọrùn láti sọ. Mo ní, "Ọmọ mi, o ti ka èyí tí èmi ò kà rí." Ó wò mí bóyá eré ni mò ń ṣe. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi ohun tó wà ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, pẹ̀lú èyí tó gbà àti èyí tí kò gbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Láàárọ̀ yẹn, ọwọ́ tó wọ inú akèrègbè ló ń bu fún mi.

Mo mọ ohun tí àwọn tó mọ ìtàn Fágúnwà máa sọ. Olùkọ́ ni, onígbàgbọ́ ni, ìdíje tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ló kọ ìwé náà fún, ilé ìtẹ̀wé CMS ló sì tẹ̀ ẹ́; báwo ni kò ṣe ní í sí ìmọ̀ràn nínú rẹ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mímọ ìdí tí ẹrù fi wúwo kò sọ ọ́ di fífúyẹ́ lórí ẹni tó rù ú. Ọmọ tó rù ú dé ọjọ́ kẹrin lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ọrùn ń ro òun. Ohun tí n kò ní lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kí n dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, lọ́wọ́ òfìfo, kí n máa sọ fún un pé ẹrù náà dùn-ún rù.

Ó ti padà sílé ìwé báyìí. Kò mú ìwé náà lọ, n kò sì rọ̀ ọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ méje náà fúnra mi, lálẹ́, díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, àárẹ̀ mú mi níbi tó ní ó mú òun. Nígbà mìíràn, gbólóhùn kan mú mi dúró tí n kò lè kọjá, mo sì máa ń fẹ́ pè é láti bi í léèrè bóyá ó kíyè sí i. N kò tíì mọ ibi tí èmi yóò parí sí, bóyá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni tàbí ọ̀dọ̀ bàbá mi. N kò yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ rẹ̀. Mo ṣẹ́ òmíràn lára ìgbálẹ̀ kan náà, mo fi sàmì sí ibi tí mo dé. Tèmi ṣì wà lẹ́yìn tirẹ̀.